Báàjì Inú Dúrọ́ọ̀

London,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní, ọdún 2025.

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ọyẹ́ o. Ṣé ara le? Ṣé Ràódàt tó ń bá yín gbé ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu? Mo mọ̀ pé ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí Waliyat ò pè, tó jókòó kọ ìwé, tó tún ya ìwé náà ní fọ́tò kó tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Bí mo bá pè yín, ẹ ó ní kí fóònù máa ké sókè nítorí etí ọ̀tún yín, èmi náà á máa pariwo, kí a tó parí ọ̀rọ̀, gbogbo àdúgbò wa ní Agúnpopo á ti gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe ti gbogbo Agúnpopo.

Màámi, mo ti lóyún. Ó ti wọ oṣù kẹta. Mubaraq ọkọ mi nìkan ló mọ̀, àti nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ń tọ́jú mi.

Ẹ má tíì dìde jó. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Ẹ mọ̀ pé ilé àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì jìnnà sílé. Reluwé ni mo ń wọ̀ lárààárọ̀, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta gbáko, orí ìdúró ni. Kí n tó dé ibùdókọ̀ wa, ìjókòó ti tán. Kálukú dorí kọ fóònù rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kí ẹnikẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó ń wo ojú ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kan tí mo ríbi jókòó, bàbá arúgbó kan wọlé, mo dìde fún un, mo ní kó jókòó. Bàbá wò mí bí ẹni tí mo bú. Ó ní ṣé òun jọ ẹni tó fẹ́ kú lójú mi ni. Ojú tì mí débi pé n kò lè padà jókòó, bàbá náà kò sì jókòó. A jọ dúró ti ìjókòó òfìfo bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì fún mi ní báàjì róbótó kan. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé ọmọ wà nínú ọkọ̀. Bí aboyún bá fi sáyà, ẹni tó bá rí i á mọ̀, á sì dìde fún un láìjẹ́ pé ó tọrọ. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo sì fi sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n lò ó. Ẹ rántí Olúwakẹ́mi, ọmọ Tíṣà Samuel, tí a jọ ka ìwé ní Ọ̀yọ́? Inú reluwé yẹn kan náà ló ń wọ̀. Ohun tó bá rí lọ́jọ́ Ajé, Ọ̀yọ́ á ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Ṣé kí n lò ó àbí kí n má lò ó? Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni màá ṣe.

Ọmọ yín ní tòótọ́,
Waliyat.


Agúnpopo, Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní, ọdún 2025.

Waliyat, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Alihamudulilahi. Mo ti ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì ti dìde jó kí n tó dé ibi tí o ní kí n má dìde. Ọlọ́run tó fi í síbẹ̀ á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ràódàt ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ya ìwé ní fọ́tò, lẹ́yìn náà mo lé e jáde, mo ti ilẹ̀kùn. Ó rò pé mo fẹ́ fẹ́ ọkọ ni.

Ní ti báàjì, rárá. Ṣé ọkọ̀ agbégi ni ọ́ tí wọ́n á fi kọ nǹkan sí ọ níwájú? Oyún tí kò tíì yọ, a kì í sọ fún ẹbí, ká má tíì sọ pé ká kọ ọ́ sáyà fún òyìnbó àti Olúwakẹ́mi kà. Jẹ́ kó wà nínú dúrọ́ọ̀ níbẹ̀. Wọ aṣọ tó fẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan, oúnjẹ Òyìnbó ló ń mú ọ sanra.

Ohun tó sì ń yà mí lẹ́nu ni pé ènìyàn ní láti lẹ báàjì mọ́ra kí ọmọ ènìyàn tó dìde fún un. Ìlú wo nìyẹn? Wo èmi. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mò ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ wo ẹ̀gbọ́n mi Dámisí ní Sábó, láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ò ti jẹ́ kó jáde mọ́. N kò lẹ nǹkan kan máyà rí. Bí mo bá ti yọ ní gáréèjì Owódé, tí dẹ́rẹ́bà rí ewú orí mi, á ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níwájú bọ́ sẹ́yìn. Bí iwájú bá kún, ẹni tó kéré jù nínú ọkọ̀ ló ń lọ sórí ẹ́ńjìnnì, níbi tí ìdí ti ń gbóná bí ẹni jókòó lé ààrò. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun, gbogbo wa la mọ ìyẹn ká tó wọ ọkọ̀.

Nítorí náà, lo ẹnu rẹ. Sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n, wọ́n á dìde. Ìwọ náà sì gbọ́dọ̀ máa dìde fún àgbà, kódà bí bàbá kan bá bú ọ. Tìrẹ ni kí o dìde, tirẹ̀ ni kó jókòó tàbí kó má jókòó.

Fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́ sí mi. Ojú nìkan ni kí o yà, má jẹ́ kí ikùn hàn. Kí Mubaraq, àna mi, dáadáa.

Ìyá rẹ,
Ràmọ́tà.


London,
Ọjọ́ kìíní, oṣù kejì, ọdún 2025.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ àdúrà. Mo rí ìwé yín gbà, fọ́tò tí ẹ béèrè sì ti wà lórí fóònù yín. Ẹ dárí jì mí pé mo pẹ́ kí n tó fèsì.

Mo ṣe bí ẹ ti wí. Lọ́jọ́ kìíní, mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn mí. Ó dìde kíá, ó tún bẹ̀ mí pé kí n má bínú pé òun ò tètè rí mi. Mo jókòó, mo ṣàdúrà fún ìyá tó bí i. Lọ́jọ́ kejì, mo bẹ obìnrin kan. Ó bi mí pé ẹsẹ̀ wo ló ń dùn mí. Màámi, mo ní tòsì ni. N kò mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin àná wà lẹ́yìn mi. Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Obìnrin náà dìde fún mi o, ṣùgbọ́n n kò lè gbójú sókè títí mo fi bọ́ọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Irọ́ pípa lárààárọ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí ẹ kọ́ mi.

Ọjọ́rú tó kọjá, mo ríbi jókòó fúnra mi. Inú mi dùn. Ibùdókọ̀ kejì, màmá arúgbó kan wọlé pẹ̀lú ọ̀pá. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà lórí ìdúró. N kò lè sọ pé mo rò ó wò. Bí ẹ ṣe tọ́ mi ni. Màmá jókòó, mo sì dúró títí dé ibi iṣẹ́. Olúwakẹ́mi wà nínú ọkọ̀ náà, ó ní ojú mi ò mọ́lẹ̀, pé ṣé kò sí. Mo ní ibà ni. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́, mo rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún. Wọ́n ti yẹ̀ mí wò, ọkàn ọmọ ń lù dáadáa. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ní n kò gbọdọ̀ máa dúró pẹ́ mọ́, ó sì bi mí pé báàjì tí òun fún mi ńkọ́. Kí ni kí n sọ fún un? Ṣé kí n ní ìyá mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀? Ó wò mí bí ẹni tí kò fẹ́ràn ọmọ inú rẹ̀, ìyẹn sì dùn mí ju ohun gbogbo lọ.

Màámi, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí n lo báàjì yìí. N kò fẹ́ lò ó láìgbàṣẹ yín, nítorí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí mo lò ó, n kò ní lè wo ojú yín.

Èmi ni,
Waliyat yín.


Agúnpopo, Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì, ọdún 2025.

Waliyat,

N kò jẹun láti àná tí mo ti ka ìwé rẹ. Ràódàt rò pé mo ṣàìsàn.

Ó wá yẹ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ọ rí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí o sọ fún mi pé o lóyún oṣù mẹ́ta, tí o ní kí n fi sínú, n kò fi sínú. Ọ̀sẹ̀ náà la ṣe ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ Dámisí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Inú mi dùn jù. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ àlùfáà, mo ní kí gbogbo ènìyàn bá mi dúpẹ́, mo sọ iye oṣù, mo tún sọ orúkọ ìlú tí o wà. Ẹni tí mo mọ̀ àti ẹni tí n kò mọ̀ ló ṣe àmín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà lo pè mí pẹ̀lú ẹkún pé oyún ti wálẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìwọ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà, èmi sì ni ẹnu. Láti ọjọ́ yẹn, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ rẹ mọ́ ju pé ara rẹ yá.

Nítorí náà, má lo báàjì. N kò ní fi ẹnu mi tàbí ọwọ́ mi ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Tètè máa jáde nílé, kí o wọ reluwé tí kò tíì kún. Bí kò bá ṣeé ṣe, ra àpótí kékeré tó ṣeé ká, kí o máa gbé e lọ́wọ́, kí o sì jókòó lé e nínú reluwé. Kí wọ́n máa wò ọ́, wíwò ò pa ènìyàn. Má sì dìde fún arúgbó mọ́ títí oyún yìí á fi dúró dáadáa. Mo mọ̀ pé èmi ni mo ní kí o máa dìde. Èmi náà ló ní kí o má dìde mọ́.

Kọ̀wé sí mi kíákíá.

Ìyá rẹ.


Agúnpopo, Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kejì, ọdún 2025.

Waliyat, ọmọ mi,

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún rèé, o kò kọ̀wé, o kò sì gbé ìpè mi. Mo pe Mubaraq. Ó ní ara rẹ yá, pé ò ń sinmi, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jọ ohùn ẹni tí ara ìyàwó rẹ̀ yá. Bí inú ló ń bí ọ sí mi nítorí ohun tí mo sọ nípa ìsọmọlórúkọ, o ní ẹ̀tọ́. Bú mi sínú ìwé, kí n rí i kà. Ìyẹn sàn fún mi ju ìdákẹ́jẹ́ yìí lọ.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, nítorí ó ti yí ọkàn mi padà.

Mo pẹ́ kí n tó dé gáréèjì Owódé lánàá. Bàbá méjì ti wà níwájú, orí ẹ́ńjìnnì nìkan ló kù. Mo wo inú ọkọ̀, mo rí ọmọbìnrin kan lẹ́bàá fèrèsé, kò lè ju ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, ó wọ híjáàbù ńlá kan. Mo ní kó dìde fún ìyá rẹ̀. Ó wò mí, ẹnu rẹ̀ fẹ́ sọ nǹkan, kò sọ ọ́. Kò tètè dìde. Waliyat, mo wá bọ́ sórí rẹ̀. Mo ní àwọn ọmọ ìwòyí ò lẹ́kọ̀ọ́ mọ́, pé ìyá tó bí i kò kọ́ ọ, pé nígbà tí mo ń ṣe tíṣà, irú wọn ni mò ń ní kí wọ́n kúnlẹ̀ nínú oòrùn. Gbogbo ọkọ̀ bá mi dá sí i. Àwọn bàbá iwájú ní òótọ́ ni, ayé ti bàjẹ́. Dẹ́rẹ́bà ní bí kò bá dìde, òun ò ní gbéra. Ọmọ náà dìde, ó lọ sórí ẹ́ńjìnnì, ó kọjú sí wa. Mo jókòó síbi tó ti kúrò, mo tún aṣọ mi ṣe, inú mi sì dùn pé mo ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí a fẹ́ dé Odò-Ọbà, òógùn ti bò ó, ètè rẹ̀ funfun. Ó ní kí dẹ́rẹ́bà dúró. Bí ọkọ̀ ti dúró ló bọ́ọ́lẹ̀, ó bì, ó jókòó sínú koríko. Àwọn èrò ń ṣe kíá, wọ́n ní ó ń fi àkókò wọn ṣòfò. Mo sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú omi. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, mo rí ibi tó gbé ọwọ́ lé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí i létí, mo bi í pé oṣù mélòó ni.

“Mẹ́rin, mà.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi nígbà tí mo ní kí o dìde?”

“Ìyá ọkọ mi ní n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, mà. Wọ́n ní ti àkọ́kọ́, ẹnu ayé ló gbé e lọ.”

Waliyat, ilẹ̀ ò lanu, mi ò bá wọlé. Bíi pé èmi ni ìyá ọkọ náà, bíi pé ìwọ lo jókòó sínú koríko yẹn. Mo bi í nínú ọkàn mi pé ta ló kọ́ ọ ní irú ìyẹn, èmi náà sì ni mo dá ara mi lóhùn. Lẹ́yìn gbogbo ariwo tí mo pa nípa bí ilé wa ṣe mọ ẹ̀kọ́ ju London lọ, aboyún ni mo fi ẹnu mi lé dìde, tí mo sì fi sórí iná.

Mo gbé e dìde, mo dá ìjókòó rẹ̀ padà fún un, èmi sì lọ sórí ẹ́ńjìnnì. Àwọn bàbá iwájú ní àgbàlagbà kì í jókòó síbẹ̀. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, pé gbogbo wa la jẹ̀bi. N kò sọ ìdí fún wọn. Ìdí mi gbóná títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì rí i pé ibẹ̀ burú ju bí mo ti máa ń fẹnu sọ ọ́ lọ. N kò lọ sí Sábó tààrà. Mo mú un lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ara òun àti ọmọ dá. Ayọ̀mídé lorúkọ rẹ̀, ó ń ṣe irun ní àdúgbò Under G. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, pé àgbà kì í kúnlẹ̀ fún òun. Mo ní lọ́jọ́ yìí, ó ń kúnlẹ̀.

Gbé báàjì náà jáde nínú dúrọ́ọ̀. Fi sáyà, kí o fi sí ibi tí ẹni tí kò ríran dáadáa á fi rí i. Ohun tó bá fẹ́ tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, èmi ló ni ín, kì í ṣe ìwọ. Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí mi. Kódà kí o kọ ìlà kan péré.

Ìyá rẹ tó jẹ̀bi,
Ràmọ́tà.


London,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Màámi mi,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ yín. Èmi ò gbà á lọ́dún yìí, ẹ mọ ìdí.

Ara mi yá, ara ọmọ-ọmọ yín náà yá. Mo fi èyí ṣáájú kí ẹ má baà fi ìbẹ̀rù ka ìyókù.

N kò bínú sí yín. Ilé ìwòsàn ni mo wà nígbà tí ẹ kò gbúròó mi. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìwé yín tó sọ nípa ìsọmọlórúkọ, ẹ̀jẹ̀ tún dé, ó sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èmi ni mo ní kí Mubaraq má sọ fún yín, nítorí mo mọ̀ pé ẹ ó ti sọ pé ẹnu yín ló tún fà á. Dókítà yẹ̀ mí wò dáadáa. Ó ní ẹnu ilé ọmọ mi ni kò lágbára, pé bó ti wà látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ohun tó sì gbé ti àkọ́kọ́ lọ nìyẹn. Wọ́n ti rán an báyìí. Wọ́n ní kí n sinmi, kí n má sì máa dúró pẹ́. Màámi, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mejì: kì í ṣe ẹnu yín. Ẹ lè gba gbohùngbohùn gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́, kò ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbé ẹrù yẹn sọ̀kalẹ̀ lónìí. Ẹ ti rù ú tó.

Ìwé yín nípa Ayọ̀mídé, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti kà á. Mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rò ó pé Màámi tèmi jókòó sórí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ti yí iṣẹ́ mi padà sí ti ìjókòó, ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni mo kọ́kọ́ padà, mo sì lẹ báàjì máyà. Ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ dìde? Olúwakẹ́mi ni. Ó fà mí jókòó, ó ní òun ti mọ̀ láti oṣù kìíní, pé ibà kì í mú ènìyàn fi ọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ta ló sọ fún. Ó ní òun ò sọ fún ọkọ òun pàápàá. Mo bẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ohun tí mo ti rò nípa rẹ̀, láìsọ ohun tí mo rò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tuntun ti dé, ẹ̀yin nìkan ló lè yanjú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, màmá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún rí báàjì mi, ó sì dìde. Irun rẹ̀ funfun báláú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí ọ̀pá. Mo ní rárá, màmá. Ó ní rárá, ọmọ mi. Bí a ṣe ń bẹ ara wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ojú rẹ̀ wà lórí fóònù bọ́ sáàárín wa, ó jókòó. Màmá fi ọ̀pá kan bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde wọ̀ọ̀. A tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ wa. N kò jókòó. Mo dúró títí ibùdókọ̀ mẹ́rin fi kọjá, tí ẹlòmíràn fi dìde.

Màámi, mo mọ ohun tí dókítà sọ. Ṣùgbọ́n kí arúgbó tó ju yín lọ dúró, kí èmi Waliyat ọmọ Àlàmú jókòó? Ara mi kọ̀ ọ́. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ tí mo bá padà síbi iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí n tún pàdé màmá náà. Ẹ sọ ohun tí màá ṣe fún mi.

Ọmọ yín,
Waliyat.


Agúnpopo, Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, ọdún 2025.

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí o ti wí, mo tún kà á lẹ́ẹ̀kẹta kí n tó ṣínu. Mo sun oorun lánàá bí ọmọ ọwọ́. Ọlọ́run á bùkún dókítà náà, á sì forí jì mí lórí ọ̀rọ̀ Olúwakẹ́mi, nítorí mo ti bú u nínú ọkàn mi ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Màá lọ kí bàbá rẹ̀, Tíṣà Samuel, n kò sì ní sọ ìdí tí mo fi wá.

Ní ti màmá arúgbó, jókòó.

Mo mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ ọ pé ọmọdé kì í jókòó kí àgbà dúró. N kò gba ọ̀rọ̀ náà padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwọ ni màmá yẹn dìde fún. Ẹni tó wà nínú rẹ ló dìde fún, a kò sì tíì mọ ẹni tí í ṣe. Ní ilé wa, ọmọ tó wà ní ikùn lè dàgbà ju ìyá tó gbé e lọ. Má ka ibí yìí sókè fún Mubaraq, àlùfáà wa náà kò sì ní fẹ́ gbọ́ ọ nínú oṣù ààwẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí o ti sọ fún mi pé o lóyún ni mo ti ń rò ó. Safurat, ìyá tó bí mi, kú lọ́dún tó kọjá lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, kò sì tíì sí ọmọ kankan tó dé nínú ẹbí wa láti ìgbà náà. O rántí bó ṣe rí. Bó bá wọ yàrá, gbogbo wa là ń dìde. Kò tọrọ ìjókòó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀.

Nítorí náà, bí màmá náà bá dìde lọ́jọ́bọ̀, kí i dáadáa, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì jókòó wọ̀ọ̀. Ó lè jẹ́ ìyá mi lo gbé dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ sì ti ń dùn ún.

Ìyá rẹ,
Ràmọ́tà.